"Ọmọ Mi Ò Mu Sìgá": Ohun Tí Imú Òbí Ò Gbóòórùn Rẹ̀ Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú dánfó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá yín dúró láàárín Òṣòdì sí Ìlásamàjà, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Òkòta, ní Máfolúkù, ní Ṣógúnlé, tí ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ràn láti kà ju kí ẹ gbọ́ lọ, àkọsílẹ̀ ohun tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo gbé wá lónìí, àwọn tó ti lé ní ọdún 12 tí wọn ò tíì pé 20. Mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa níkótíìnì, nípa ohun tí ẹ̀yin òbí mọ̀ nípa rẹ̀ àti ohun tí ẹ ò mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bínú pé ta ni ọmọdé yìí tó fẹ́ kọ́ àgbà bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú ọmọ yín wò mí. Ọmọ ọdún 26 ni mí, Ìsọlọ̀ ni mo dàgbà sí. Mi ò tíì bímọ, mi ò sì wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọmọ títọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí mo dúró sí yìí, mò ń gbọ́ ohun tí àwọn àbúrò mi ń sọ tí wọn ò lè sọ lójú yín, mo sì ń gbọ́ ohun tí ẹ̀yin náà ń sọ nípa wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bára mu.

Kí ni níkótíìnì gan-an?

Kò sí orúkọ Yorùbá tí a máa ń pè é. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti gba iwájú wa kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í pé níbo lò ń lọ.

Ohun kan ni tó wà nínú ewé tábà. Òun ló ń mú kí ẹni tó mu sìgá lónìí tún fẹ́ mu ún lọ́la. Kì í ṣe àlejò nílé Yorùbá o. Ó wà nínú tábà tí àwọn baba ńlá wa ń fi ìkòkò mu. Ó wà nínú áásáà tí ìyá àgbà ń dì sí etí aṣọ. Ó wà nínú sìgá, ó wà nínú ṣíṣà tí wọ́n ń fà lóde àríyá. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ewé báyìí, wọ́n sì ti pò ó mọ́ omi olóòórùn dídùn. Ó lè jẹ́ òórùn mángòró, ó lè jẹ́ ti ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ó lè jẹ́ ti bàrà tàbí ti súìtì.

Ohun èlò kékeré kan tó ní bátìrì ni wọ́n ń rọ omi yìí sí. Vape ni àwọn ọmọ ń pè é. Bí ọmọ bá fi sẹ́nu tó fà á, bátìrì á mú kí wáyà kékeré inú rẹ̀ gbóná, omi náà á di èéfín funfun, á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kò sí iná, kò sí eérú, kò sí ìṣáná.

Òmíràn tún wà tí kò ní èéfín rárá. Àpò funfun tín-ń-tín ni, ó kéré ju àpò tíì lọ. Wọ́n á ki í bọ abẹ́ ètè, wọ́n á sì fi í síbẹ̀. Ọmọ lè jókòó sínú kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀, ó lè jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé kéú, ó lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ohun tí mo gbọ́ lọ́jà

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ọjà Àswání ń ná, mo lọ bá àwọn òbí tó ń tajà àti àwọn tó wá rajà sọ̀rọ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi wọ́n ni pé: "Ṣé ọmọ yín ń lo níkótíìnì?" Wọ́n kàn ń wò mí ni. Mo yí i padà: "Ṣé ọmọ yín ń mu sìgá?" Háà! Gbogbo wọn ló pariwo. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" "Ọmọ tèmi kọ́ o!" Bàbá kan tiẹ̀ sọ fún mi pé òun á kọ́kọ́ ti ọmọ náà mọ́ta ná, ká tó máa bi í ní ìbéèrè.

Mo wá mú fóònù mi jáde, mo fi àwòrán vape hàn wọ́n. Mi ò sọ orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan ní bírò ni. Ẹnì kan ní lọ́fíńdà ni. Òmíràn ní ohun tí wọ́n fi ń gba fáìlì láti inú kọ̀ǹpútà ni. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ọmọdé gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó dáadáa, ó sì dákẹ́. Ó ní òun ti rí i rí, nínú báàgì ọmọ òun tó wà ní SS1. Ọmọ náà ti sọ fún un pé ohun tí wọ́n ń fà símú nígbà tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe èèyàn ni. Ìyá yìí gbà á gbọ́, nítorí wọ́n ń ta irú rẹ̀ tí wọ́n ń fà símú ní ilé oògùn lóòótọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti fún ọmọ náà lówó pé kó lọ ra òmíràn.

Ẹ má dá ìyá yìí lẹ́bi o. Ó ń wo báàgì ọmọ rẹ̀, ó béèrè ohun tó rí, ó gbọ́ èsì tó bọ́gbọ́n mu. Òbí tó ń sapá nìyẹn. Àìmọ̀ ohun tó wà lójú rẹ̀ ló fa á.

Imú ìyá, ọlọ́pàá ilé

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: báwo ni òbí ṣe ń mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ òun ti ń mu sìgá? Imú ni. Ọmọ á wọlé, ìyá á ní, "Wá níbí. Ya ẹnu. Fẹ́ atẹ́gùn sí mi." Àwọn ọmọ ìgbà náà gbìyànjú gbogbo ọgbọ́n. Wọ́n jẹ TomTom, wọ́n jẹ èèpo ọsàn, wọ́n fi ewé gúáfà ra ọwọ́. Asán ni. Èéfín tábà máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó máa ń lẹ̀ mọ́ irun, ó máa ń sọ ìka di pípọ́n. Bó pẹ́ bó yá, àṣírí á tú.

Ẹ̀ṣọ́ tó lágbára ni imú òbí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ yìí. Òórùn vape dà bíi ti súìtì tàbí ti lọ́fíńdà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti lọ. Àpò abẹ́ ètè kì í tiẹ̀ rùn rárá. Nítorí náà, bí òbí bá sọ fún mi pé "ọmọ mi ò mu sìgá", mo máa ń gbà á gbọ́. Òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọdún 1995 ló ń dáhùn.

Ohun kejì ni pé ọ̀rọ̀ igbó ti gba gbogbo ọkàn wa. Àwa ará Òṣòdì, Múṣin àti Ìsọlọ̀ mọ ohun tí igbó àti kólóráàdò ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Nítorí náà, ohun tí òbí ń béèrè ni "Ṣé o ń mu igbó?" Ọmọ á ní "Rárá, Mọ́mì", kò sì parọ́. Ọkàn ìyá á balẹ̀. Ọmọ náà á padà sí yàrá rẹ̀, á fa vape rẹ̀ lábẹ́ pílò.

"Ṣebí omi lásán ni?"

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ń sọ fún mi jù: "Brọ̀dá, omi lásán ni, kì í ṣe sìgá." Kì í ṣe omi lásán. Níkótíìnì wà nínú rẹ̀, àwọn kẹ́míkà tó ń fún un ní òórùn wà níbẹ̀, irin wẹ́wẹ́ láti ara wáyà tó ń gbóná sì lè bá a wọnú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹni tó mu sìgá kan máa ń gba nǹkan bíi mílígírámù kan sí méjì níkótíìnì sára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti fi òfin dé e, omi inú vape kékeré kan ò gbọdọ̀ ju mílílítà 2 lọ, níkótíìnì rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju mílígírámù 20 lọ nínú mílílítà kan. Ìyẹn jẹ́ mílígírámù 40 nínú ohun kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń wọ ara, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí òfin fi ààlà sí nìyẹn. Àwọn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa wà káàkiri àgbáyé, àwọn kan tó mílígírámù 50 nínú mílílítà kan.

Nǹkan mìíràn ni pé sìgá máa ń tán. Ó máa ń jó dé ìdí, ẹni tó ń mu ún á sì mọ̀ pé òun ti mu ọ̀kan. Vape kì í ní òpin bẹ́ẹ̀. Ọmọ á fà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó wẹ̀, á fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé, á fà á kó tó sùn. Kò sí ohun tó ń bá a kà á. Sìgá tún máa ń ta ọ̀fun ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á wúkọ́, àwọn mìíràn á sì torí ìyẹn fi í sílẹ̀. Níkótíìnì tí wọ́n ṣe tí kì í ta ọ̀fun ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn vape òde òní. Ara ò ní kìlọ̀ fún ọmọ náà.

Ọpọlọ èèyàn kì í dàgbà tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Apá tó ń bá wa kó ara wa níjàánu, tó ń sọ fún wa pé "dúró ná, ronú", òun ló ń dàgbà kẹ́yìn. Bí níkótíìnì bá dé bá ọpọlọ ọmọ ọdún 14, bí ìgbà tí èèyàn rìn lórí sìmẹ́ǹtì tútù ni. Àmì ẹsẹ̀ á dúró níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè di bárakú fún ọmọdé ju àgbà lọ. Ó ń da oorun rú, ó ń da ìfarabalẹ̀ sí ìwé rú, ó sì ń mú kí inú ọmọ máa tètè bí i.

Kí n má bàa ṣẹ̀tàn, ẹ jẹ́ n fi èyí kún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn dókítà máa ń gba àgbàlagbà tó ti ń mu sìgá tipẹ́ níyànjú pé kó fi vape rọ́pò rẹ̀ kó bàa lè fi sìgá sílẹ̀, nítorí pé ewu rẹ̀ kéré sí ti sìgá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń wá bí yóò ṣe jáde kúrò nínú ilé tó ń jó ni wọ́n ń bá wí. Ọmọ ọdún 14 tí kò mu sìgá rí ò sí nínú ilé yẹn. Kí ló fẹ́ wá gba ojú fèrèsé wọlé?

Kì í ṣe ọmọ tiwa nìkan

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tó wà láàárín ọdún 13 sí 15 tó ń lo tábà lágbàáyé tó mílíọ̀nù 37. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ kan náà sọ pé oríṣi òórùn àti adùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi vape tó 16,000 ó kéré tán, wọ́n sì ní kí ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè fòfin de àwọn adùn wọ̀nyẹn. Ẹ bá mi rò ó. Bàbá ẹni 50 ọdún tó fẹ́ níkótíìnì, ṣé òórùn súìtì ló máa fi wá a?

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Peckham àti ní Manchester náà ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de títa vape alálòsọnù. Ní Amẹ́ríkà, dókítà àgbà ìjọba, Jerome Adams, kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 pé vape ti di àjàkálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ọjọ́ orí ẹni tó lè ra tábà kúrò ní 18 lọ sí 21. Àwọn tó ṣáájú wa dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ ń pè wá pé ká rọra.

Òfin wà, kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Nàìjíríà ò ní òfin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Ìṣàkóso Tábà. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18. Ó sọ pé a ò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, páálí rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní 20. Ní ìpínlẹ̀ Èkó níbí, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ti fọwọ́ sí òfin tirẹ̀ ní ọdún 2014, tó ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò, nílé-ìwé, nílé ìwòsàn àti ní àwọn ibòmíràn tí gbogbo èèyàn ń lò. Mímu sìgá lójú ọmọdé pàápàá wà nínú ohun tí òfin náà dẹ́bi fún.

Ó dáa. Ẹ bá mi rìn láti Bọ́ládé dé abẹ́ afárá Òṣòdì nírọ̀lẹ́ òní. Ẹ ka iye ibi tí wọ́n ti ń ta sìgá ní ẹyọ kan, ẹyọ kan, pẹ̀lú ìṣáná tí wọ́n so mọ́ okùn lára kíóskì. Ẹ tún wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti ń tẹ àwòrán ìkìlọ̀ sára páálí sìgá ní Nàìjíríà, kí ẹni tó fẹ́ rà á lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ṣe fún ara. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ra ẹyọ kan ò rí páálí. Kò rí àwòrán. Kò rí ìkìlọ̀ kankan.

Ìjọba ti gbé àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí lọ sílé ẹjọ́ rí. Ní ọdún 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pe British American Tobacco, Philip Morris àti àwọn mìíràn lẹ́jọ́, ó sì fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń fa ojú àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà kéde pé British American Tobacco ní Nàìjíríà á san mílíọ̀nù 110 dọ́là nítorí pé ó rú òfin. Ní ọdún 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò gbé ìlànà jáde pé kí fíìmù, fídíò orin àti skit má ṣe máa fi tábà àti níkótíìnì ṣe fáàrí mọ́. Èmi tí mò ń fi kámẹ́rà àti makirofóònù jẹun mọ ìdí rẹ̀. Fídíò orin ọlọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá kan tí olórin tí ọmọ yín fẹ́ràn ti ń tu èéfín funfun, ó ju ìwàásù wákàtí kan lọ létí ọmọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí òfin ò lè gbà dé, àwa nìkan ló lè débẹ̀. "Lágbájá! Gba, lọ bá mi ra sìgá méjì lọ́wọ́ Àbókí." Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ forí jì mí, mo ní láti sọ ọ́. Ọmọ ọdún 10 tí a rán níṣẹ́ yìí ti mọ kíóskì, ó mọ iye rẹ̀, ó mọ èyí tí Dádì fẹ́ràn, ẹni tó ń tà á náà ti mọ ojú rẹ̀. Nígbà tó bá pé 14 tó dé síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ta ló máa bi í léèrè? Ẹni tó ń tà á á rò pé Dádì ló rán an.

Ọmọ tí kò sí nílé-ìwé

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 15, ọ̀pọ̀ ń ro ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Ní Òṣòdì ńkọ́? Kí ojúmọ́ tó mọ́, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ọmọ ọdún 15 ti rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mọkáníìkì ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Òbí àwọn mìíràn nínú wọn wà ní abúlé, wọ́n rò pé ọmọ wọn wà lábẹ́ ọ̀gá.

Níkótíìnì máa ń pa ebi. Ohun tí kò yẹ ká gbàgbé nìyẹn. Ẹyọ sìgá kan kò tó owó àwo oúnjẹ. Ọmọ tí kò ní owó oúnjẹ òwúrọ̀ lè rà á, ebi á fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, oorun á dá lójú rẹ̀, á sì lè pariwo "Ìyànà Ìpájà! Ìyànà Ìpájà!" títí di ọ̀sán. Ẹ ò lè wàásù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jà tiwa yìí, ta ni àgbà? Awakọ̀ ni. Ọ̀gá mọkáníìkì ni. Ìyá olóúnjẹ ni. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn tí ẹ sì ń gbọ́ mi, ẹ̀yin ni òbí tí ọmọ yẹn ní láàárín aago márùn-ún ìdájí sí mẹ́wàá alẹ́.

Gbólóhùn kan tí kò kúrò lọ́kàn mi

Mo bá ọmọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Òkòta. SS2 ló wà. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Níbi ọjọ́ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fa vape, wọ́n fi fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní òun ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì ló máa ń burú jù. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, gbogbo èèyàn á máa bí i nínú. Ó ní lọ́jọ́ kan òun jágbe mọ́ àbúrò òun kékeré, ọmọ náà sì bú sẹ́kún.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní: "Bí mo bá sọ, á lù mí pa. Bí mi ò bá sì sọ, mi ò lè dá a ṣe."

Ẹ̀yin òbí mi, ọmọ yìí fẹ́ jáde. Ẹ̀rù bàbá rẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sì mọ̀ pé bàbá yẹn fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló ń san owó ilé-ìwé, òun ló ń jí ní aago mẹ́rin kí ọkọ̀ má bàa há a mọ́ ojú ọ̀nà. Ó ń bẹ̀rù kí ọmọ òun má bàjẹ́. Bàbá ń bẹ̀rù, ọmọ ń bẹ̀rù, níkótíìnì nìkan ni ẹ̀rù ò bà nínú ilé náà.

Kí la lè ṣe?

Èkínní, ẹ pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè "ṣé o ń mu sìgá" nìkan mọ́. Ẹ béèrè báyìí: "Ṣé ẹnikẹ́ni ní kíláàsì yín ń lo vape? Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i rà?" Ó rọrùn fún ọmọ láti sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kó tó sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ náà.

Èkejì, ẹ mọ àmì. Ṣájà tàbí ike kékeré tí ẹ ò mọ ohun tó wà fún. Òórùn èso nínú yàrá tí kò sí èso. Òǹgbẹ lemọ́lemọ́, ẹnu gbígbẹ, ikọ́ tí kò lọ. Owó tó ń dín lápò yín. Ìbínú tó máa ń rọlẹ̀ bí ọmọ bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ẹ rọra o. Ọmọ ọdún 15 lè bínú kó sì máa mu omi púpọ̀ láìsí pé ó lo nǹkankan. Àmì ń sọ pé kí ẹ béèrè ni. Kò sọ pé kí ẹ dájọ́.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti rí i, ẹ má fi ẹgba bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń fà á mọ́ra. Bárakú ni níkótíìnì, ẹgba kì í sì í wo bárakú. Ohun tí ẹgba máa ń kọ́ ọmọ ni bí yóò ṣe fi í pa mọ́ dáadáa sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ bí ọ̀nà ìjáde ṣe rí. Bí ọmọ bá dá a dúró, láàárín wákàtí díẹ̀ ni ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Orí fífọ́, àìróorunsùn, ìbínú, ebi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ò ní pe ìbínú ọjọ́ kejì ní ìwà àfojúdi. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ nígbà ìsinmi ilé-ìwé bó bá ṣeé ṣe. Ẹ fún un ní omi, ẹ fún un ní oúnjẹ gidi, ẹ jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kó wà nítòsí yín.

Ẹ̀karùn-ún, bí agbára yín ò bá ká a, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ilé Ìwòsàn Ìjọba wà ní Ìsọlọ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábàá ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tó wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò: "Kí n mú ọmọ mi lọ sí Yábàá? Kí àdúgbò gbọ́ pé ọmọ mi ti ya wèrè?" Lílọ síbẹ̀ ò sọ ẹnikẹ́ni di wèrè. Ẹni tí ẹyin ń dùn ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín.

Ẹ̀kẹfà, bí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé, ẹ má ṣe fi ohun wọ̀nyí sílẹ̀ káàkiri. Omi vape tó wọ ẹnu ọmọ ọdún méjì jẹ́ májèlé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má dúró wò ó, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ.

Ẹ̀keje, èyí tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀: ẹ má rán ọmọ ní sìgá tàbí áásáà mọ́. Láti òní lọ. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ń mu ún tó sì wù yín láti fi í sílẹ̀, ẹ sọ fún ọmọ yín pé ó ṣòro fún yín. Òbí tó sọ pé "èmi náà ń bá a jà" ti ṣí ilẹ̀kùn tí ọmọ lè gbà wọlé.

Ibi tí màá dúró sí lónìí nìyí. Bí ẹ bá ń gbọ́ mi lálẹ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó sùn, ẹ jókòó ti ọmọ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo sọ yẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ wa ní ìkọ̀kọ̀, bí kò bá ṣeé sọ fún bàbá, ẹ wá àǹtí kan, ẹ wá tísà kan, ẹ wá ẹ̀gbọ́n kan. Ẹ má dá ẹrù yìí gbé.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí ilé-ìwé ọmọ yín, kí ẹ sì fi ti ẹgbẹ́ ọjà kún un. Bí ẹ bá ní ìbéèrè tàbí ẹ̀rí ohun tó ràn yín lọ́wọ́ nínú ilé yín, ẹ kọ ọ́ sí wa, a ò ní dárúkọ yín. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò máa bá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa lọ.